Iná Kẹta Kò Tàn

Bàálù kékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ká wọnú ní iná wẹ́wẹ́ mẹ́ta kan níwájú awakọ̀. Méjì jẹ́ ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tọ̀tún tòsì. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ẹsẹ̀ imú. Bí wọ́n bá ti ń súnmọ́ ilẹ̀, awakọ̀ á fa ọ̀pá kan wálẹ̀, irin á ró gììrì lábẹ́ ìjókòó, iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì tàn ní àwọ̀ ewé. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹsẹ̀ ti jáde, ó sì ti lọ́ọ̀kì. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1991, nígbà tí bàálù Piper Aerostar kan ń bọ̀ wá balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, méjì péré ló tàn. Ti imú dákẹ́.

Mo fẹ́ tú ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ yẹn palẹ̀ níbí, nítorí pé ẹni tó bá ń sọ ọ́ sábà máa ń sáré kọjá ibi tó yẹ kó ti dúró. Á ní ẹsẹ̀ bàálù yọ wọ́n lẹ́nu, bàálù já, sẹ́nétọ̀ kú, ó parí. Ẹsẹ̀ yẹn kò pa ẹnikẹ́ni. Ojú tí wọ́n fi ń wá a ló pa èèyàn méje.

Èrò kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀ náà. H. John Heinz III ni, ẹni ọdún 52, sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ Pennsylvania lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican. Ẹni tó bá ti fi tòmátò inú ìgò jẹ ọ̀dùnkún díndín rí ti pàdé orúkọ yìí lójú táábìlì: ìdílé tó dá ketchup Heinz sílẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní 1971, ó bọ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní 1977, àwọn ará ìpínlẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn án síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta ní 1988 ni. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni Ọjọ́bọ̀ yẹn. Williamsport, ìlú kan ní àárín ìpínlẹ̀ náà, ni wọ́n ti gbéra. Bàálù àyálò ni, awakọ̀ méjì ló sì wà níwájú.

Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Kò sí ìkùukùu tó ń díni lójú, kò sí atẹ́gùn líle, ẹ́ńjìnnì méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Ká ní iná kẹta yẹn tàn ni, ìrìn àjò tí ẹnikẹ́ni kò ní rántí mọ́ ni ì bá jẹ́.

Iná tí kò tàn kì í sọ ìdí tí kò fi tàn. Gílóòbù rẹ̀ lè ti jó. Ṣúwíìṣì kékeré tó wà lára ẹsẹ̀ lè ti dọ̀tí, tàbí kí wáyà rẹ̀ já, kí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ sì nà gbọnrangandan láìsí wàhálà kankan. Ó sì lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹsẹ̀ kò jáde tán, tàbí pé ó jáde ṣùgbọ́n irin tó yẹ kó dè é mú kò wọ ibi tó yẹ kó wọ̀, débi pé bí ìwúwo ọkọ̀ bá ti bọ́ sí i lórí, ńṣe ni yóò ká. Ẹni tó ń wa mọ́tò mọ irú àìfọkànbalẹ̀ yìí. Iná kan á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ ń lọ geere, o ò sì mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ kú tàbí sẹ́ńsọ̀ ló ń parọ́. Onímọ́tò ṣáà lè páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà lókè kò ní ẹ̀gbẹ́ títì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni awakọ̀ kò rí abẹ́ ọkọ̀ ara rẹ̀, bí èèyàn kò ṣe rí ìpàkọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Aerostar ní àǹfààní kékeré kan. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjèèjì wà lára apá, abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní fìlà onírin ṣóńṣó ní àárín, tó ń dán bíi dígí. Awakọ̀ tó bá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ lè rí àwòrán imú ọkọ̀ rẹ̀ nínú dídán yẹn, kékeré, tó tẹ̀ kọrọdọ bí ojú èèyàn ṣe máa ń tẹ̀ nínú ẹ̀yìn ṣíbí. Wọ́n wò ó. Wọ́n rí ẹsẹ̀ imú níta. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilé ìṣọ́ pápákọ̀ ni pé àwọn rí i pé ó ti jáde; bóyá ó ti lọ́ọ̀kì nìkan ni àwọn kò mọ̀.

Kí ẹ jọ̀wọ́ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, torí pé àwọn fúnra wọn kò fi í sọ́kàn pẹ́. Ìbéèrè tó kù nílẹ̀ ti di kékeré gan-an. Wọn kò tún béèrè mọ́ pé ẹsẹ̀ dà. Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n fojú ara wọn rí i. Irin kékeré kan tó wà nínú lọ́hùn-ún, tó ń di ẹsẹ̀ náà mú kó má ká, òun ló kù tí wọn kò mọ ipò rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ohùn mìíràn ti wọ orí rédíò. Ẹlikópítà Bell 412 kan, ti ilé-iṣẹ́ epo Sun, wà ní sàkáání pápákọ̀ náà. Awakọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, kò gbé èrò. Wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín bàálù àti ilé ìṣọ́, nítorí pé ojú kan náà ni gbogbo wọn tẹ rédíò wọn sí. Wọ́n ní àwọn lè súnmọ́ ọn kí àwọn bá wọn yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Ọ̀gá awakọ̀ Aerostar gbà.

Kò sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n. Oore ni wọ́n fẹ́ ṣe, oore gidi tí kò ní owó nínú, irú èyí tí awakọ̀ máa ń ṣe fún awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àgbà wa ti sọ ti igún tó ṣe oore tó pá lórí, ti àkàlàmàgbò tó ṣe oore tó yọ gẹ̀gẹ̀. Mo máa ń rò pé òwe yẹn le jù fún ọmọlúàbí láti fi ṣe ìwà hù. Ṣùgbọ́n ẹyẹ méjèèjì tí wọ́n fi pa á ń fò, ìyẹn kò sì kúrò lọ́kàn mi ní gbogbo ìgbà tí mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé. Bàálù kò lè dúró sójú kan lófurufú kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Tó bá dẹwọ́ eré jù, á já. Aerostar jẹ́ ọkọ̀ tí eré wà lára rẹ̀, ó lè sá ju 350 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Bell 412 tó bá ń lọ geere kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 225. Kí wọ́n tó lè jọ rìn, bàálù gbọ́dọ̀ fa eré rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹlikópítà sì ti eré tirẹ̀ sókè dé ibi tí kò ti fi bẹ́ẹ̀ ní ìyókù lọ́wọ́. Ẹ wá fojú inú wò wọ́n: ọkọ̀ méjì tí ìrísí wọn kò jọra, tí ọ̀kan wà lókè tí èkejì wà nísàlẹ̀, wọ́n ń sá lórí ilé àwọn èèyàn, àwọn tó ń wà wọ́n kò tíì jọ jókòó sọ̀rọ̀ lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn ológun máa ń fò ní ìtòsí ara wọn báyìí. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ọ ni, wọ́n sì máa ń jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbéra: ta ni aṣáájú, ta ni á máa tẹ̀lé e, ìhà wo ni á gbà súnmọ́ ọn, ìhà wo ni á gbà yà kúrò bí nǹkan bá yí padà. Ọjọ́ yẹn kò sí nǹkan kan tó jọ bẹ́ẹ̀. Rédíò ni wọ́n fi ṣe gbogbo ètò, ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ fún aládùúgbò pé òun fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá. Òfin ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ gbà kí ọkọ̀ tó ń gbé èrò fún owó máa fò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ mìíràn, bàálù àyálò sì ni Heinz wọ̀.

Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ ni orí ẹlikópítà. Abẹ̀bẹ̀ Bell 412 jẹ́ oníka mẹ́rin, fífẹ̀ rẹ̀ láti etí dé etí jẹ́ mítà 14. Bí ó bá ti ń yí, ojú kò rí i mọ́ àfi bí èéfín tó tẹ́jú sórí ọkọ̀. Awakọ̀ tó jókòó lábẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó sì mọ bó ṣe fẹ̀ tó, ṣùgbọ́n kò rí etí rẹ̀ bí onímọ́tò ṣe ń rí imú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìmọ̀lára àti ìdánrawò ló fi ń wọn àlàfo. Tó bá wá lọ sábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn láti wò ó láti ìsàlẹ̀, ohun tó ń wò wà lókè, abẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ ló sì wà láàárín òun àti ohun náà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹlikópítà kò ní ojú lórí.

Ẹni tó wà nínú Aerostar, ní tirẹ̀, kò rí ẹlikópítà rárá tí ìyẹn bá ti wọ abẹ́ apá rẹ̀. Ó kàn ń gbọ́ ohùn ni. Ẹni tó ń rí kò rí tán, ẹni tí wọ́n ń wò kò rí nǹkan kan.

Wọ́n dé òkè Merion, ní Lower Merion, àdúgbò kan tó fara kan ìlú Philadelphia. Àwọn tó wà nínú ẹlikópítà ti wo ẹsẹ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì ti sọ fún bàálù pé ohun gbogbo dára láti ibi tí àwọn ti ń wò ó. Nígbà mìíràn tí mo bá ronú kan ibẹ̀, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé kí n na ọwọ́ kí n dá wọn dúró. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n wá rí. Ó kù kí oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Nǹkan bí agogo 12 kọjá ìṣẹ́jú 10 ni abẹ̀bẹ̀ orí ẹlikópítà gbá abẹ́ bàálù. Kò sí awakọ̀ tó lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn. Ẹlikópítà tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fọ́ kò ní apá mìíràn tó máa fi rá bàbà wálẹ̀ bíi bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, òkúta ni. Apá Aerostar sì ti bàjẹ́, epo wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ méjèèjì já lulẹ̀ pẹ̀lú iná àti èéfín.

Ibi tí wọ́n já sí ni ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo Amẹ́ríkà. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Merion ni, ọ̀sán gangan, àkókò tí wọ́n tú àwọn ọmọdé síta láti ṣeré. Àwọn ọmọ náà ń sá kiri ní pápá nígbà tí irin tó fọ́ àti epo tó ń jó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀ láti òkè. Ọmọbìnrin kékeré méjì kú. Àwọn mìíràn farapa, iná jó wọn. Gbogbo àwọn márùn-ún tó wà lófurufú kú: Heinz, awakọ̀ bàálù méjì, awakọ̀ ẹlikópítà méjì.

N kò ní pẹ́ lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Àwọn òbí tó sáré débẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n ni í.

Ohun tí mo fẹ́ padà sí ni ìbéèrè tí wọ́n gbé lọ sókè. Ká sọ pé ìkọlù kò ṣẹlẹ̀, ká sọ pé ẹlikópítà yẹ ẹsẹ̀ wò láti iwájú, láti ẹ̀yìn, láti abẹ́, kí ló máa rí? Á rí ẹsẹ̀ tó jáde. Àwọn awakọ̀ ti rí ìyẹn nínú fìlà abẹ̀bẹ̀. Irin tó ń lọ́ọ̀kì ẹsẹ̀ imú kò ṣe é dá mọ̀ láti ìta, pàápàá láti inú ọkọ̀ mìíràn tó ń mì jìgìjìgì ní ìwọ̀n mítà mélòó kan sí i. Nítorí náà, kò sí bí àyẹ̀wò náà ì bá ṣe dáhùn ohun tí wọ́n kò mọ̀.

Ká tilẹ̀ sọ pé ó lè dáhùn. Bí ẹlikópítà bá ní, "Ó ti lọ́ọ̀kì," bàálù á lọ balẹ̀ ní Philadelphia, kí ọkọ̀ panápaná dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí ó bá ní, "Kò tíì lọ́ọ̀kì," bàálù á gbìyànjú láti ká ẹsẹ̀ wọlé kó sì tún nà án jáde bóyá lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà á lọ balẹ̀ ní Philadelphia, kí ọkọ̀ panápaná dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Iṣẹ́ kan náà ni. Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò yí ohun tí èèyàn máa ṣe padà, kí la fẹ́ fi ẹ̀mí rà á fún?

Bí wọ́n sì ṣe ń balẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ imú tí a kò fọkàn tán kì í ṣe awo. Awakọ̀ á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kan ilẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, á sì máa gbé imú sókè bí eré ṣe ń dínkù, títí atẹ́gùn kò fi ní lè gbé e mọ́. Nígbà náà ni á rọra jẹ́ kó wálẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti lọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá lọ́ọ̀kì, á ká, imú ọkọ̀ á ha ilẹ̀, abẹ̀bẹ̀ á tẹ̀ wọnú bí ewé kókò tí oòrùn pa, ọkọ̀ á fi imú wọ́ ilẹ̀ lọ síwájú díẹ̀ kó tó dúró. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ á ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n á jáde pẹ̀lú àyà tó ń lù. Àtúnṣe rẹ̀ á gba owó ńlá, torí pé ẹ́ńjìnnì tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ gbálẹ̀ gbọ́dọ̀ di títú wò. Ṣùgbọ́n owó ni.

NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde. Wọ́n ní ọ̀gá awakọ̀ bàálù kò lo ọgbọ́n tó tọ́ nígbà tó gbà kí wọ́n wá yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò lófurufú, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti rí i, dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, pé ẹsẹ̀ imú ti jáde tán. Wọ́n ní ọ̀gá awakọ̀ ẹlikópítà náà kò lo ọgbọ́n tó tọ́ nígbà tó lọ ṣe àyẹ̀wò náà, àwọn méjèèjì tó wà nínú ẹlikópítà kò sì jẹ́ kí àlàfo tó péye wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì. Wọ́n fi kún un pé ẹ̀kọ́ àti ìdánwò tí àwọn awakọ̀ bàálù gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ wọn àti lọ́wọ́ FAA, àjọ ìjọba tó ń ṣàmójútó ọkọ̀ òfurufú, kò pé.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìdájọ́ wọn. "Lẹ́yìn tí ó ti rí i." Wọn kò bá a wí pé ó ṣiyèméjì. Ohun tí wọ́n bá a wí sí ni pé ó ti ṣe gbogbo ohun tó ṣeé ṣe, kò sì mọ̀ pé òun ti ṣe é tán.

Wọn kì í sì ṣe àkọ́kọ́. Alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Disẹ́ńbà 1972, bàálù ńlá Eastern Air Lines 401 ń bọ̀ láti New York, ó fẹ́ balẹ̀ ní Miami. Iná ẹsẹ̀ imú kò tàn. Wọ́n gun òkè padà, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ máa darí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo àwọn tó wà níwájú sì dojú kọ gílóòbù: ẹnìkan ń fà á yọ, ẹnìkan ń gbìyànjú láti tì í padà, ẹnìkan sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ láti lọ yọjú wo ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i pé ẹ̀rọ tó ń di ọkọ̀ mú sókè ti já, tí bàálù sì ń rọra sọ̀kalẹ̀ nínú òkùnkùn sórí àbàtà Everglades. Èèyàn 101 kú. Ẹsẹ̀ wà níta, ó ti lọ́ọ̀kì. Gílóòbù ló jó.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ó ku ọjọ́ kan kó pé, ọjọ́ 28 oṣù Disẹ́ńbà 1978, United 173 ń yí ká lórí Portland ní Oregon. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti já sílẹ̀ gbàm̀, ó sì ba ṣúwíìṣì tó ń tan iná rẹ̀ jẹ́. Ọ̀gá awakọ̀ fi nǹkan bíi wákàtí kan múra sílẹ̀ fún ìbalẹ̀ tó le, títí epo fi tán nínú ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èèyàn 10 kú nínú àwọn 189 tó wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn náà wà níta látòkèdélẹ̀.

Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá jáde rárá lóòótọ́, ẹ wo Newcastle ní Australia, ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 2024. Bàálù Beechcraft King Air kan, awakọ̀ kan àti èrò méjì, gbéra ń lọ sí Port Macquarie. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ iṣẹ́. Awakọ̀ yí ká lókè fún ohun tó ju wákàtí mẹ́ta lọ kí epo lè dínkù, lẹ́yìn náà ló fi ikùn bàálù kan ilẹ̀ ní pápákọ̀ Newcastle, ó ń wọ́ lọ lórí ọ̀dà títí ó fi dúró. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Mo wo fídíò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí kò ṣe sí ariwo nínú rẹ̀: bàálù kan sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ bí àgbàlagbà ṣe ń jókòó sórí ẹní, ó tán.

Amẹ́ríkà kò tíì gbé ìròyìn Heinz mì tí òmíràn fi dé. Ọjọ́ kejì gan-an, ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, bàálù kan tó ń lọ sí Brunswick ní Georgia já, gbogbo èèyàn 23 inú rẹ̀ sì kú. John Tower, tó ti fi ìgbà kan rí jẹ́ sẹ́nétọ̀ Texas, wà lára wọn. Ìdí tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ẹ̀rọ tó ń darí abẹ̀bẹ̀ ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lè rò ó bí àwọn aṣòfin ṣe wọ bàálù ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìjókòó Heinz kò sì ṣófo pẹ́. Ní oṣù karùn-ún, Gómìnà Robert Casey fi Harris Wofford síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá dìbò ní oṣù kọkànlá, Wofford gbé ọ̀rọ̀ ìlera kiri, pé kò yẹ kí owó ìtọ́jú máa lé aráàlú kúrò nílé ìwòsàn, ó sì fi ẹ̀yìn Dick Thornburgh janlẹ̀, ẹni tó ti ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ náà tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipò agbẹjọ́rò àgbà orílẹ̀-èdè sílẹ̀ torí ìdìbò yẹn. James Carville àti Paul Begala tí wọ́n darí ìpolongo Wofford ni Bill Clinton wá gbà fún ìpolongo ìbò ààrẹ ọdún 1992. Teresa, opó Heinz, fẹ́ Sẹ́nétọ̀ John Kerry ní 1995, Kerry sì du ipò ààrẹ ní 2004. Gbogbo ìyẹn ṣẹ̀ láti ara iná kan tí kò tàn.

Nítòsí pápákọ̀ òfurufú Philadelphia gan-an ni àbàtà kan wà, Tinicum, tí Heinz jà fún kí wọ́n má bàa dí i pa. Ní ọdún 1991 yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀: John Heinz National Wildlife Refuge. Pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ níbẹ̀, lékeléke ìlú wọn dúró lórí ẹsẹ̀ kan nínú omi, àwọn òbí ń kó ọmọ wọn wá wo ẹyẹ. Bí ọjọ́ bá mọ́ kedere, ẹni tó bá gbójú sókè láti orí afárá onípákó ibẹ̀ á rí àwọn bàálù tó ń tò wálẹ̀ lọ sí pápákọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níta.